Bí Àkàngbé Atúnrédíòṣe Ṣe Gbé Ẹ̀rín Mì Nílé Àna Rẹ̀

Àkàngbé ọmọ Adéṣiyàn, mo kí ọ! Atúnrédíòṣe ìlú Ìkìrun, ọkọ Àṣàkẹ́, ọkùnrin tí rédíò tó ti kú láti ọdún mẹ́ta rí tó sáré jí! Ọmọ ìran afojú-rí-àléébù-má-lè-panu-mọ́! Bí mo bá fẹ́ ròyìn akọni, n kò ní í wá a lọ sójú ogun, nítorí ogun tí gbogbo ayé rí, gbogbo ayé náà ní í kọrin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun tí ọkùnrin kan jà nínú ikùn ara rẹ̀, lórí àga onítìmùtìmù, pẹ̀lú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́, ta ni yóò ròyìn rẹ̀ bí kò ṣe èmi Ọlájòbí aránṣọ, tí ìsọ̀ mi àti tirẹ̀ jọ fara ti ògiri kan náà? Ẹ gbọ́ bí Àkàngbé ṣe wo fíìmù burúkú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ìyẹn kéré. Ẹni tí kò mọ ìran ọkùnrin yìí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ni ó dìde láàárín èrò níbi tí àwọn alárìnjó ti ń ṣeré, tó nàka sí ẹni tó gbé awọ ọ̀bọ wọ̀, tó sì kígbe pé, "Ìrù rẹ ti já sílẹ̀ o!" Bàbá rẹ̀ gan-an ni wọ́n tì jáde nínú gbọ̀ngàn eré, nítorí ó bi ọba orí ìtàgé léèrè ibi tó ti ra bàtà onírọ́bà tó ń yọjú lábẹ́ agbádá. Àkàngbé fúnra rẹ̀, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, rí ìwé àwòrán àtijọ́ kan ní ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń ya fọ́tò òṣèré sí, tí wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ọdẹ inú ìwé náà dé fìlà nínú àwòrán kìíní, orí rẹ̀ wà lófìfo nínú ìkejì, nígbà tí yóò fi di ìkẹta ó ti dé akẹtẹ̀. Ẹkùn tó ń lé e sì rèé, ajá ni, èédú ni wọ́n fi tọ́ ọ lára! Àkàngbé rẹ́rìn-ín títí tó fi da òjé gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà rédíò sí itan ara rẹ̀. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ohun tó wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dójú ìjà ni ọ̀rọ̀ ìyàwó. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Oyèkúnlé, rí ọmọge kan tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, Adùnọlá, ọmọ Láníyọnu ní Ìrágbìjí. Láníyọnu yìí jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, èèyàn iyì ni, ṣùgbọ́n ó ti ṣe fíìmù kan láyé rẹ̀. Òun ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló ṣe akọni inú rẹ̀, *Ajagunmásinmi* sì ni orúkọ rẹ̀. Ìdílé yòówù tó bá wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá yìí, kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìdána, ó di dandan kí wọ́n jókòó wo *Ajagunmásinmi*. Ìdílé méjì ti wá ṣáájú. Ìdílé kìíní rẹ́rìn-ín nígbà tí fíìmù dé ìdajì. Ti ìkejì kò tilẹ̀ dé ìdajì kí wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fún àwọn méjèèjì lómi mu, wọ́n sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ọ̀rọ̀ ìyàwó sì parí síbẹ̀.

Adùnọlá fi omijé sọ èyí fún Oyèkúnlé, Oyèkúnlé sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì bá ọkọ rẹ̀ nísọ̀.

"Bàbá Oyè, ẹ wò mí lójú," ni Àṣàkẹ́ wí. "Ọmọ yìí nìkan ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Bí ẹ bá fi ẹ̀rín yín lé ìyàwó yìí lọ, ẹ̀yin àti rédíò lẹ ó jọ máa sùn."

Akọni gbọ́, ó mi orí. Ojú rẹ̀ fà ro, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ náà, ó sì mọ ara rẹ̀. Ó ra orógbó mẹ́ta tó gbó dáadáa, tó korò bí ọ̀rọ̀ òtítọ́, ó fi wọ́n sápò. Bí ẹ̀rín bá dìde, yóò jẹ ọ̀kan, ìkorò á sì há ẹ̀rín mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Mo ní kó ra mẹ́fà. Kò gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé ni mo wa mọ́tò mi gbé Àkàngbé àti Àṣàkẹ́ dé Ìrágbìjí. A dọ̀bálẹ̀, Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n ní ká dìde, wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wa. Ìyàwó Láníyọnu tan tẹlifíṣọ̀n. Láníyọnu wá gbé àga tirẹ̀, ó yí ẹ̀yìn àga náà sí tẹlifíṣọ̀n, ó sì kọjú sí Àkàngbé. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò wo fíìmù rárá! Ẹnu àlejò ló ń wò.

Ìkọlù kìíní bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú tẹlifíṣọ̀n pé igba ọdún sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn ìkọ̀wé náà sì ni òpó iná mẹ́rin dúró láìtijú. Ajagunmásinmi jáde pẹ̀lú ìbàǹtẹ́ àti idà, aago ọwọ́ sì ń dán lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá ti la ẹnu sọ̀rọ̀, àrá á sán, ìbáà jẹ́ omi mímu ló ń tọrọ. Àkàngbé ju orógbó kan sẹ́nu. Ó rún un wómúwómú, ojú rẹ̀ dúró ṣinṣin bí ojú adájọ́.

Ìkọlù kejì le ju ti àkọ́kọ́. Ogunlọ́gọ̀ ọ̀tá dé, ìyẹn àwọn ọkùnrin méje. Ajagunmásinmi pa wọ́n. Wọ́n rá kòrò gba ẹ̀yìn igi máńgòrò, wọ́n sì tún jáde wá láti kú lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀kan wà nínú wọn, ọkùnrin oníkùn ńlá kan tó wọ ṣòkòtò bọ́ọ̀lù. Mo kà á, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ọkùnrin yẹn kú, ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó kí wọ́n tó bẹ́ ẹ lórí. Orógbó kejì lọ.

Lẹ́yìn èyí ni akọni inú fíìmù pọfọ̀, tó fi di erinmi. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n á ti rí erinmi ní Ìrágbìjí? Ewúrẹ́ ni wọ́n mú wá, okùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń fa okùn náà sì hàn kedere. Àwọn ọ̀tá ń sá, wọ́n ń ké pé, "Yéè, erinmi!" ewúrẹ́ sì dúró, ó ń jẹ ewé tí wọ́n so mọ́ ìdí ọ̀kan nínú wọn. Èmi Ọlájòbí kò jẹ́ purọ́ fún yín. Ibẹ̀ ni mo ti dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo táyà mọ́tò mi, mo rá pálá jáde, mo sì fi ẹnu bọ fìlà mi lẹ́yìn ilé. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo lọ yọjú lójú fèrèsé. Akọni ṣì jókòó! Orógbó kẹta ló ń rún lọ́wọ́, ìkẹyìn nìyẹn.

Ìkọlù tó kẹ́yìn wá dé, láìsí ohun ìjà kankan mọ́ lápò. Ajagunmásinmi kú. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó dé àyà. Ìyá arúgbó kan bọ́ síta láti sunkún òkú. Àbúrò ìyá Láníyọnu gan-an ni, kì í ṣe òṣèré. Wọ́n ti kọ́ ọ lóhun tí yóò wí, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ gbalaja báyẹn, ó gbàgbé Ajagunmásinmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki Láníyọnu: "Àlàó! Ọmọ olóko ẹ̀gẹ́ tí í fi ìdajì bọ́ àlejò! Àlàó, ọmọ afìdí-jókòó-gbayì, ọmọ a-rìn-gbẹ̀rẹ̀-débi-ọlà!"

Ẹ wò ó, ta ni Yorùbá tí wọn yóò kì ní oríkì rẹ̀ tí orí rẹ̀ kò ní í wú? Òkú kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá àgbà ń kì í lọ, òkú ń mi orí. Nígbà tó dé ibi tó dùn jù, òkú na ọwọ́ tó ní aago sókè, ó sì wí kedere pé, "Ẹ ṣeun, ìyá mi. Ẹ ó pẹ́ fún wa." Àwọn tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàn ń sunkún lọ ni.

Ẹ̀rín dìde nínú Àkàngbé! Ẹ̀rín bàbá ńlá rẹ̀, ẹ̀rín bàbá rẹ̀, ẹ̀rín ọdún márùnlélọ́gọ́ta, gbogbo rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó gba àyà, ó kan ilẹ̀kùn eyín gbọ̀ngbọ̀n. Iṣan ọrùn rẹ̀ le. Àṣàkẹ́ já a ní èékánná, orí àpá òjé gan-an ló já a sí. Kò ràn án. Ó wá rántí Oyèkúnlé, bí ọmọ náà ṣe máa ń dá nìkan tẹ ẹ̀bà lálaalẹ́, tí á gbé tẹlifóònù ti àwo ọbẹ̀ kó lè dà bí ẹni tó ń bá èèyàn jẹun. Àánú ọmọ ṣe é, ó dùn ún dé ọkàn. Ó la ẹnu, ẹkún ló sì jáde! Omijé ń dà, èjìká ń gbọ̀n, ọkùnrin ń ké, "Yéè! Ẹ gbà mí!"

Láníyọnu dìde. Ó dá fíìmù dúró, àwòrán náà kò kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí àwọn obìnrin jọ̀wọ́ fún òun àti àna òun láyè. Wọ́n jáde. Kò mọ̀ pé etí aránṣọ wà ní fèrèsé.

"Àna mi, ṣé ẹkún nìyẹn?"

"Bàbá, ẹ má bínú..."

"Ẹ má dá mi lóhùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Mo mọ ẹ̀rín tó gbé aṣọ ẹkún wọ̀." Ó jókòó tì í. "Mo mọ̀ pé òkú kì í dúpẹ́. Láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ, kò sẹ́ni tó kì mí mọ́ títí di ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ ìgbà tí mo dáhùn. Lóṣù tó tẹ̀lé e ni ìyá àgbà yẹn náà kú. Wọ́n ní kí n gé ibẹ̀ kúrò, mo ní rárá, ibẹ̀ nìkan lohùn wọn kù sí." Ó wo ẹnu ọ̀nà tí àwọn obìnrin gbà jáde. "Adùnọlá máa ṣàṣìṣe nílé ọkọ. Ọmọ ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ilé tí wọ́n á ti rí àṣìṣe náà, tí wọ́n á gbé e mì, ni mo ń wá fún un. Ẹ lọ mú ọjọ́ ìdána wá."

Àkàngbé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, omijé tòótọ́ sì wà lójú rẹ̀ báyìí.

"Ẹ dìde, àna mi," ni Láníyọnu wí. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ibẹ̀ yẹn nìkan ni, àbí? Ìyókù dára?"

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ bá mi di ọwọ́ akọni mú! Orógbó ti tán. Àṣàkẹ́ ti jáde, kò sí èékánná. Lójú tẹlifíṣọ̀n ni òkú dúró sí, ọwọ́ sókè, aago lọ́rùn ọwọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin oníkùn tó ti kú lẹ́ẹ̀márùn-ún wà láàárín àwọn tó ń sunkún, ewúrẹ́ erinmi sì dúró tì í, ó ń jẹ etí ẹní. Àkàngbé wo gbogbo rẹ̀. Ó yí ojú sí àna rẹ̀.

"Àna mi," ló wí, ètè rẹ̀ kò sì gbọ̀n, "ìyókù ò lábùkù kankan."

Nígbà tí a ń darí bọ̀, a kò tíì rìn jìnnà tí Àṣàkẹ́ fi bẹ̀ mí kí n dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di igi kan mú, ó sì rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Èmi náà ti gbé orí lé ìdarí mọ́tò, mo ń ké "Erinmi! Erinmi!" Ó wá na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Oyè, ẹ rín in wàyí, a ti kúrò lọ́dọ̀ wọn."

Àkàngbé wò wá tìyanu-tìyanu. "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" ló bi wá. "Fíìmù àna mi?"

Nítorí náà, mo kéde rẹ̀ láti ìsọ̀ mi: kí àwọn akọni tó kó ìlú mẹ́rìndínlógún lógun sún díẹ̀ lórí ìjókòó, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọkùnrin tó wà láàárín wọn láti òní lọ. Orúkọ rẹ̀ tuntun ni Agbẹ̀rínmì. Oyèkúnlé ti níyàwó!