Télọ̀ Ń Retí Kíndìnrín

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú Télọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ tó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ ni. Dípò kó máa lọ sílé, ó fa àga, ó jókòó gbagidi síwájú nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ kíndìnrín. Ó ti pinnu pé lónìí, ẹnikẹ́ni ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn lé òun lọ.

"Bàbá, ẹ lọ sinmi," ni nọ́ọ̀sì wí. "Tí èyí tó bá yín mu bá ti dé, a máa pè yín."

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ máa pè mí! Nọ́ọ̀sì, ta lẹ rò pé ẹ ń bá sọ̀rọ̀? Télọ̀ ni mí o! Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, mi ò tíì pe ẹnì kankan nínú àwọn tí mo ní mo máa pè."

"Tiwa yàtọ̀, Bàbá."

"Ohun témi náà máa ń sọ nìyẹn! Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó ń rọra dúpẹ́, aṣọ tirẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá wá jókòó tì mí, tó ń pariwo, tirẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rán. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó. Tó bá kan ariwo, ẹ sọ. Mo gbóhùn wá."

"Ariwo kì í mú kíndìnrín bá ara mu. Ẹbùn ni. Ẹnì kan kú, àwọn ẹbí ń sunkún lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n ní ká mú un fún ẹni tó lè lò ó. A máa wo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu, a máa wo ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára jù, àtẹni tó ti ń retí tipẹ́."

"Tí ò bá fi bẹ́ẹ̀ bára mu, ẹ ṣáà gbé e wá. Tó bá fún, a tú u díẹ̀. Tó bá ṣò, a rán an wọlé."

"Kíndìnrín ò ní ojúrán, Bàbá."

"Ó dáa, kí ló dé tí ẹyọ kan tó bá mi mu ò tíì dé látọjọ́ yìí?"

Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

"Ó ti dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó bá yín mu dáadáa. Mo pè yín títí, fóònù yín ò lọ. A rán èèyàn sí ṣọ́ọ̀bù yín, ó bá a ní títì. Kíndìnrín kì í sì í dúró de èèyàn, tó bá ti pẹ́ níta, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìyá ọlọ́mọ kan ló tẹ̀ lé yín nínú ìwé. A pè é, ó sì gbé fóònù lójú ẹsẹ̀."

Télọ̀ rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ìyàwó tuntun kan àti ìyá rẹ̀ ló ń wá a kiri nítorí aṣọ tí kò tíì gé rárá. Ló bá pa fóònù, ó tilẹ̀kùn mọ́ra, ó sá sẹ́yìn máṣíìnì. Ó tiẹ̀ gbọ́ nígbà tẹ́nì kan ń kanlẹ̀kùn, ńṣe ló di èémí mú. Ó dùn ún wọ egungun.

"Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo rò pé oníbàárà ni. Yéè, mo gbé!"

"Ẹ ò tíì gbé. Òmíì lè dé. Ṣùgbọ́n ẹ má pa fóònù yín mọ́, kẹ́ ẹ sì máa gbé e, ẹni tó wù kó pè."

"Ẹni tó wù kó pè? Wọ́n á bú mi o!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín láàyè."

Ìyẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó yọ fóònù lápò, ó tàn án. "Láti òní lọ, Nọ́ọ̀sì, kó tó dún ni màá ti gbé e."

Nọ́ọ̀sì fa fóònù orí tábìlì mọ́ra, ó tẹ nọ́ńbà. Ti Télọ̀ dún. Ó wò ó, kò dá nọ́ńbà náà mọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti gé e kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Ẹ má dá wọn lóhùn," ó ní. "Ẹ máa bọ́rọ̀ lọ."

"Bàbá, èmi ni mo pè yín. Kíndìnrín yẹn ti lọ."

"Háà! Ẹ tún un pè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, ẹ tún un pè!"

Nọ́ọ̀sì tún un pè. Télọ̀ fọwọ́ méjèèjì gbé fóònù mọ́ etí, òógùn bò ó, nọ́ọ̀sì ló sì ń wò lójú kòrókòró.

"Ẹ má bínú!" ló kígbe, kí nọ́ọ̀sì tó lanu. "Ó ti parí, bọ́tìnì ló kù! Ẹ máa bọ̀ lọ́la!"

Nọ́ọ̀sì ò gbé fóònù sílẹ̀. Inú fóònù náà ló ti dá a lóhùn:

"Bàbá, kíndìnrín tẹ́ ẹ bá ní kó máa bọ̀ lọ́la, ilé ẹlòmíì ló máa sùn."