Bí Olóyè Akíntímẹ́hìn Ṣe Dákẹ́ fún Ilẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́? Abúlé Abẹ́-Àgbọn, létí òkun Ìlàjẹ, ló ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó ń wá epo rọ̀bì dé síbẹ̀. Ìbídàpọ̀, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn, ri àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mọ́lẹ̀ káàkiri pápá, ó wá pe gbogbo ìlú jọ.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, etí ni àwọn ẹ̀rọ yìí. A ó yin àdó olóró sínú ilẹ̀. Ariwo rẹ̀ á lọ bá àpáta nísàlẹ̀, á sì padà wá ròyìn ohun tó bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí adìẹ bá rìn lórí pápá, ẹsẹ̀ adìẹ la ó gbọ́."

Ẹnu ya gbogbo wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lójoojúmọ́, àṣé ó lè ròyìn!

Wọ́n yin àdó àkọ́kọ́, ewúrẹ́ sáré kọjá. Wọ́n yin èkejì, ẹnì kan ń gúnyán. Ó wá ku ẹyọ kan. Ìbídàpọ̀ ní bí èyí náà bá bàjẹ́, àwọn á kẹ́rù àwọn lọ sí ìlú mìíràn.

Olóyè Akíntímẹ́hìn, ọ̀tún Baálẹ̀, bínú dìde. "Ẹni tó bá mira, ẹni tó bá lanu, kó fìlú sílẹ̀! Èmi gan-an á dúró bí òpó."

Kẹ́kẹ́ pa. Ìlà tín-ín-rín kan ń gbọ̀n lójú ẹ̀rọ Ìbídàpọ̀: òkun ló ń lu èbúté, tí ilẹ̀ ń gbọ́ ọ. Orí gbogbo èèyàn wú.

Àfi bí ìjàlọ ṣe gun ọrùn ẹsẹ̀ olóyè. Àṣé ojú ọ̀nà wọn ló dúró sí! Wọ́n kọjá orúnkún, wọ́n wọnú ṣòkòtò. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Baálẹ̀ rí i, ó rò pé olóyè ti rí àwọn baba ńlá wọn lábẹ́ ilẹ̀, lòun náà bá ń sunkún. Gbogbo ìlú bá wọn sun ún, láìfọhùn.

Gbì! Àdó dún, ilẹ̀ mì. Ìbídàpọ̀ gbọ́wọ́ sókè pé kí wọ́n ṣì dúró, ìròyìn ń bọ̀ lọ́nà. Ìjàlọ ti dé ibi tí n kò lè dárúkọ níwájú yín.

"Ó parí!" ni Ìbídàpọ̀ wí. "Ìròyìn náà mọ́ tónítóní!"

Igbe tí olóyè ké lé àwọn ẹyẹ lórí àgbọn. Ó ju agbádá, ó ju ṣòkòtò, ó di inú òkun gbàmù.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀dé, sáré mú ìró tẹ̀ lé e, ó ń já ìjàlọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo dúró sí! Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Èmi ni mo ṣòfin."

"Olóyè," ni Baálẹ̀ wí, "àwọn baba wa ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?"

"Baálẹ̀, ìjàlọ ni mo rí."

Ìbídàpọ̀ kúnlẹ̀ létí omi, ó ń wo baba náà tìyanu-tìyanu. "Bàbá, ẹ̀rọ wa gbọ́ òkun. Ó gbọ́ àpáta nísàlẹ̀ ilẹ̀. Kò gbọ́ yín rárá."

Ìyá Bọ́sẹ̀dé já òmíràn sọnù. "Báwo ni yóò ṣe gbọ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."