Bí Látúnjí Ọmọ Ọdẹ́wálé Ṣe Gba Eyín Mẹ́ta Lọ́wọ́ Adójútòfò

Ẹ rọra tẹlẹ̀, ẹ̀yin tó ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn eyín tó wà lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ṣàgámù, nítorí akọni kan wà lójú ogun níbẹ̀. Ó ti há tẹlifóònù sáàárín etí àti èjìká, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ kọ̀ǹpútà, ó ń fi ọwọ́ kejì gbá tábìlì, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹni tó ń fọ́ òkúta. Látúnjí ni, akọ̀wé tí ń kọ kóòdù sí ìwé tí ilé ìwòsàn fi ń béèrè owó ìtọ́jú lọ́wọ́ adójútòfò. A-tẹ-bọ́tìnì-bí-ẹni-ń-gúnyán, arọ̀jò-lẹ́tà-sórí-aláìṣẹ̀, ìjì tí ń jà nínú ife tíì.

Ọmọ Ọdẹ́wálé ni, kì í ṣe ọmọ ọ̀sán kan òru kan. Bàbá bàbá rẹ̀ dojú kọ ẹfọ̀n nínú igbó Rẹ́mọ, ó sì gbé ìwo rẹ̀ wálé. Bàbá rẹ̀ dojú kọ òǹtẹ̀ ní káńsù, ó ń lù ú mọ́ ìwé títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi wú bí ẹ̀wà tó mumi yó. Ẹkùn kì í bí ajá. Bí ìwo ẹfọ̀n bá sì ti di òǹtẹ̀ ní ìran kejì, kí ló kù tí ìran kẹta lè gbé wálé bí kò ṣe bọ́tìnì kọ̀ǹpútà?

Ogun tó ń jà, ogun eyín mẹ́ta ni. Màmá Morẹ́nikẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, ló máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní kíkà àti kíkọ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí eyín mẹ́ta bọ́ lókè ẹnu rẹ̀, nítòsí iwájú, atẹ́gùn gba àyè wọn. Bí ó bá ní kí kíláàsì pe “ṣíbí”, fèrè ni yóò fọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé wọ́n gbọ́ràn, á sì fọn fèrè tẹ̀ lé e, àti bíríkìlà, àti aránṣọ, àti baálé ilé. Ojú ti Màmá, ó sì ti kíláàsì náà pa.

Dókítà Ṣóbándé, obìnrin tó ni ilé ìwòsàn náà, ti ṣe eyín àtọwọ́dá fún un, irú èyí tó ń dí àlàfo láàárín eyín tó kù, tí èèyàn lè yọ, kó fọ̀ ọ́, kó sì fi padà. Eyín náà wà nínú ife omi nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń retí ẹnu. Ṣùgbọ́n òfin Dókítà kì í yẹ̀: bí adójútòfò kò bá fọwọ́ sí i, eyín kò ní kúrò nínú ife. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá ìwé náà padà. Bí wọ́n bá dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á pa fáìlì náà dé. Bẹ́ẹ̀ èrìgì kì í dúró de akọ̀wé. Ojoojúmọ́ ló ń sún, ojoojúmọ́ ló ń fà sẹ́yìn. Eyín tó bá ẹnu mu lónìí lè má bá a mu mọ́ bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ nílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá ìwé náà padà, ṣé akọni wa ka ìdí tí wọ́n fi dá a padà? Ta ni yóò rán jagunjagun níṣẹ́ ìwé kíkà? Ó tún ohun kan náà tẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, ó sì fi í ránṣẹ́. Nígbà kejì, ó fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ó sì fi lẹ́tà ẹ̀sùn gígùn tì í lẹ́yìn. Bébà ṣòfò, yíǹkì ṣòfò, ọjọ́ ṣòfò. Erin kì í wo ilẹ̀ kó tó tẹ igbó mọ́lẹ̀.

“Ẹ ṣe sùúrù, sà,” ni ọmọbìnrin tó wà ní ọ̀dọ̀ adójútòfò wí lórí tẹlifóònù, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti jẹun yó. “Eyín mẹ́ta tẹ́ ẹ ní kò sí lẹ́nu Màmá, mo ń wò wọ́n nínú fọ́tò ẹ̀síréè tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Wọ́n wà níbẹ̀ gbágbágbá.”

“Arábìnrin, nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló rí ẹnu Màmá?”

“Èmi ò rí ẹnu Màmá, sà. Eyín ni mo rí.”

Látúnjí bú ramúramù. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń jókòó sínú afẹ́fẹ́ tútù tí wọ́n ń fi ìyà jẹ arúgbó. Ó sọ̀rọ̀ nípa òtítọ́, nípa ìlú, nípa ìdájọ́ ọ̀run. Ọmọbìnrin náà ní kó dúró díẹ̀, ó sì fi orin sí i létí.

Màmá, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ńṣì, dìde wá sídìí tábìlì, ọwọ́ ń bo ẹnu.

“Látúnjí, apá ibo lo kọ fún wọn?”

“Òsì, mà. Bí Dókítà ṣe sàmì sí i náà nìyí.” Ó nawọ́ sí àwòrán ẹnu tó wà nínú káàdì Màmá. Lóòótọ́, àmì mẹ́ta wà lápá òsì ìwé.

Màmá la ẹnu, ó fi ìka kan àlàfo náà. “Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun nìyí o.”

Látúnjí wò ó dáadáa láti ibi tó jókòó sí ní ọ̀kánkán rẹ̀. “Òsì náà ni, mà.”

“Dìde. Wá dúró síwájú mi, kọ ẹ̀yìn sí mi. Na ọwọ́ tó o fi ń jẹun sókè.” Màmá na tirẹ̀ náà. Ọwọ́ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. “Ó dáa. Yíjú sí mi báyìí, má sọ ọwọ́ kalẹ̀.”

Ọmọ Ọdẹ́wálé yí padà, ọwọ́ rẹ̀ sì bá a yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ti Màmá, ó sì wo àwòrán.

Gbogbo ẹni tó ń tọ́jú eyín ló mọ̀ pé àwòrán ẹnu máa ń kọjú sí ẹni tó ń wò ó ni, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá dúró ṣe ojú kojú. Ọ̀tún aláìsàn, apá òsì ìwé ló ń bọ́ sí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Látúnjí fi í júwe eyín ìyá oníyàá.

Ẹ má rò pé ojú ti akọni. Ó jókòó, ó fa àga súnmọ́ tábìlì, ó na ìka ìlábẹ̀, irú ìka tí bàbá bàbá rẹ̀ fi fa ìbọn. Nínú kóòdù, nọ́ńbà méjì ni eyín kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, èyí àkọ́kọ́ ló sì ń sọ apá ibi tó wà: ení ni òkè lápá ọ̀tún, èjì ni òkè lápá òsì. Látúnjí tẹ bọ́tìnì, èjì ṣubú, ení gorí ìtẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, èjì kejì ṣubú. Èkẹta rí ohun tó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ janpata. Ilẹ̀ ìbá mì tìtì, ṣùgbọ́n fáànù nìkan ló mì.

Ó fi ìwé náà ránṣẹ́. Orin dákẹ́ lórí tẹlifóònù. “Ó ti wọlé, sà. Ó ti bá ẹ̀síréè mu báyìí. A ti fọwọ́ sí i.”

“Inú mi dùn pé ẹ ti tún àṣìṣe yín ṣe,” ni Látúnjí wí.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà.” Ọmọbìnrin náà sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Dókítà gbé ife jáde, ó gbọn omi kúrò lára eyín, ó fi í sí ẹnu Màmá. Ó fún díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà yọ ọ́, ó rẹ́ ẹ lára, ó tún fi í sí i, gbogbo wọn sì ń wò.

“Ẹ sọ̀rọ̀, mà.”

“Ṣíbí,” ni Màmá wí. “Aṣọ. Ṣọ́ọ̀ṣì.” Fèrè kankan kò fọn. Ó mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó sì rẹ́rìn-ín. “Kíláàsì bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Látúnjí, o ṣé o. Ìwọ náà lè wá. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, iwájú ni wọ́n ń jókòó.”

Látúnjí gbà á bí ẹni gba oyè. Ó mú páálí kan, ó kọ ọ́ ní gàdàgbà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ÒFIN LÁTÚNJÍ: Ọ̀TÚN ALÁÌSÀN NI Ọ̀TÚN.

Dókítà kà á. “Ọ̀gbẹ́ni Látúnjí, ọdún tí mo kọ́kọ́ wọ yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ wa ní èyí.”

“Wọn ò fi orúkọ sí i, mà.”

Nítorí náà, kí ó dé Ìkẹ́nnẹ́, kí ó dé Òde-Rẹ́mọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn odò pàápàá gbọ́: Látúnjí ọmọ Ọdẹ́wálé ti gba eyín mẹ́ta padà lọ́wọ́ ọ̀tá tí òun fúnra rẹ̀ kó wọn fún, kò fara gbọgbẹ́, kò sì kọ́gbọ́n. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó gbé fìlà lé orí, ó sì gba àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde, kò yà fún ẹnikẹ́ni.