Ìkéde Lórí Àwọn Òkú Inú Kọ̀ǹpútà Ààfin

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Àgbọnlé, ẹ dẹtí! Ẹni tó ti di ẹrù láti sá lọ sóko, kó tú u! Kò sí òkú èèyàn láàfin! Mo tún un wí: kò sí òkú èèyàn láàfin! Òkú inú kọ̀ǹpútà ni!

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ mọ Mopélọ́lá, ọmọ Bàbá Télọ̀, tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó wà láàfin, tó ń pín omi ẹ̀rọ káàkiri ìlú. Kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Omi dá! Àwọn aboyún padà sódò. Ìyá Mopélọ́lá fúnra rẹ̀ yọ̀ ṣubú létí odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Olóyè Ọ̀tún ra mẹ́mọ́rì kún kọ̀ǹpútà, kó lè ráyè ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà gbé e mì. Ó tún ra òmíràn. Ó tún gbé e mì! Ni Ọ̀tún bá ní bí omi kò bá yọ kí ọjà tó tú, kí Mopélọ́lá wáṣẹ́ mìíràn lọ.

Mopélọ́lá pe orúkọ gbogbo iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe jáde, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ló bá figbe ta: "Yéè! Òkú ló kún ibí!"

Kábíyèsí wà ní yàrá kejì. Wọn ò dúró wọ bàtà. Ilé àna wọn ni wọ́n sá gbà!

Ọ̀tún ló dúró. Ó sá sẹ́yìn àga, ó kígbe: "Pa wọ́n!"

"Bàbá, iṣẹ́ tó ti parí ni mò ń pè ní òkú; wọ́n ti kú tẹ́lẹ̀. Mo ti pàṣẹ kí wọ́n kú títí, wọn ò mira. Iṣẹ́ tó bí wọn ni kò wá gba ìròyìn ikú wọn, ni orúkọ wọn ò ṣe kúrò."

"Ta ni òbí burúkú yẹn?"

"Iṣẹ́ tó ń ka omi ni, Bàbá. Òun náà ló ń jẹ mẹ́mọ́rì. Ẹ wò ó: gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí ẹ̀rọ, iṣẹ́ yìí á yá ààyè nínú mẹ́mọ́rì, kò sì ní dá a padà."

Mopélọ́lá dá òbí náà dúró. Àwọn òkú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ bàbá-ńlá gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, ìyẹn sì sin wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mopélọ́lá wá ibi tí ààyè ti ń ṣòfò rí, ó kọ àṣẹ ìdápadà síbẹ̀, ó tún gbé iṣẹ́ náà dìde. Mẹ́mọ́rì dúró sójú kan. Omi yọ! Mopélọ́lá bú sẹ́kún, Ọ̀tún fi etí agbádá nù ún lójú.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ láti ilé àna wọn:

Èkíní! Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó bá bímọ, tí ọmọ náà kú, kó yọjú gba ìròyìn! Èyí tó bá kọ̀, a ó dá a dúró níṣojú ìdílé rẹ̀!

Èkejì! Ẹni tó bá gba àga láàfin, tó ti sọ tẹnu rẹ̀ tán, kó dìde! Kó dá àga padà! Ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí! Ẹni tó bá jókòó gbàgbé, odò ni yóò ti máa pọnmi ìwẹ̀ Kábíyèsí!

Ẹ̀kẹta! Ẹni tó bá fẹ́ kígbe òkú láàfin, kó kọ́kọ́ sọ irú òkú tó jẹ́! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ni yóò lọ bẹ àna Kábíyèsí, nítorí oúnjẹ ti ń tán nílé wọn!

Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ. Ẹni tó gbọ́, kó jí ẹni tó sùn. Ẹ jẹ́ n máa sáré lọ: mo gbé garawa sẹ́nu ẹ̀rọ kí n tó jáde, ìyàwó mi sì ti ń pariwo pé omi ti wọlé dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì!