Eré Tí Ọlálérè Lóun Kọ

Ọlálérè kò lè gbọ́ ìyìn kó má bèèrè ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ táìsì ló gbé e wá sí Ajah láti Ìkìrun, bó sì ṣe ń lẹ táìsì mọ́ táìsì láìfi àlàfo sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń lẹ irọ́ mọ́ irọ́. Ká gbọ́ tẹnu rẹ̀, kò sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan láti Ìkàtẹ́ dé Addo tí kì í ṣe òun ló lẹ táìsì rẹ̀.

Nígbà tí ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ ní Addo wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá bí wọ́n ṣe ń fi ọpọlọ ara wọn dá nǹkan sílẹ̀, òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ṣèlérí eré fún ọjọ́ ìkórè.

Oṣù kan gbáko, bó bá ti dé, á ní, "Ẹ máa ronú," á sì sùn lọ. Àwọn ọmọ náà ronú lóòótọ́. Ṣèyílọ́lá, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ń kọ ohun tí wọ́n rò sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè, Ọlálérè gba máìkì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ará, gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa gbọ́ yìí, èmi ni mo kọ ọ́. Àwọn ọmọ kàn há a sórí ni."

Bọ̀sún, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ sùtánà rẹ̀ bí ikùn ńlá, ó yan jáde. "Èmi ni mo lẹ táìsì gbogbo Lẹ́kkí. Díẹ̀ ló kù kí n lẹ ti òkun."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Ọlálérè ló ròkè jù. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó jókòó tì í: "Irú wọn pọ̀ ní Ajah yìí."

Bọ̀sún kúnlẹ̀ àdúrà, ló bá ń hanrun. Wọ́n jí i, ó ní inú ẹ̀mí lòun wà. Ẹ̀rín Ọlálérè wálẹ̀ díẹ̀.

Bọ̀sún wá yọ́ lọ sídìí pẹpẹ, ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, ó jù ú sẹ́nu. "Àgbà kì í wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ó rà."

Èso pẹpẹ ti pòórá lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Ìyá Rẹ̀míláyọ̀ tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ti fẹ̀sùn kàn.

Bàbá Olùṣọ́ tó ń darí ìjọ dìde. "Ọlálérè, ìwọ lo kọ eré yìí?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ foríjì mí. Àwọn ọmọ ló kọ ọ́."

"Ṣèyílọ́lá, níbo lẹ ti mú ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

"Ojú fèrèsé la ti rí Bùrọ̀dá Ọlálérè, Bàbá. Mẹ́fà ni wọ́n jẹ."

Ọlálérè fò dìde, ó kọjú sí gbogbo ìjọ. "Ẹ ò rí i bí ọmọ kékeré ṣe ń purọ́ mọ́ àgbà? Mẹ́rin péré ni mo jẹ."