Bí Ọdẹ́yalé Ṣe Ṣẹ́gun Imú Ara Rẹ̀

Ẹ dìde, ẹ̀yin tí ẹ jókòó! Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìdúró, ẹ tún aṣọ yín ṣe, nítorí orúkọ akọni ni mo fẹ́ dá yìí. Ọdẹ́yalé Àjàní ni, ọmọ Ọdẹ́wándé, ọmọ ọkùnrin tó lé ọ̀yà kan ṣoṣo láti oko iṣu dé etí odò, tó dúró sétí odò, tó wò ó títí ó fi lúwẹ̀ẹ́ kọjá, tó sì padà wálé tòun ti ọ̀fìnkìn. Ọmọọmọ Ọdẹ́ríndé ni, ẹni tí ìbọn ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ tí àwọn ẹran á gbórí sókè láti fi hàn pé àwọn gbọ́, tí wọ́n á sì máa jẹko wọn lọ. Ìdílé aláriwo, ìdílé ọdẹ tí kì í gbé ẹran wálé! Ní abúlé Ìdí-Emi, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìbọn ilé náà ti dípẹtà tipẹ́, pé imú Ọdẹ́yalé ló gba ipò rẹ̀.

Imú! Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Bí Ọdẹ́yalé bá fín aṣáà tán lábẹ́ igi emi, tó gbójú sókè, tó la ẹnu, àwọn adìẹ tó mọ̀ ọ́n á ti máa sá lọ sẹ́yìn ilé, ewúrẹ́ á dá àpọ̀jẹ dúró, àwọn obìnrin tó ń gúnyán á gbé ọmọ odó dúró lókè, kó tó wá yìn ín bí ṣakabùlà: "Hááá-ṣín-ìn!" Àwọn ará ilé kejì á kígbe pé, "Wọ́n ń dárúkọ yín o, Bàbá!" Òun náà á nu imú, á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọ̀gágun tó kó ìlú. Ohun tó fi ń ṣe yangàn láyé nìyẹn, kò sì ní òmíràn.

Àfi ìgbà tí kòrónà dé. Ẹ má fojú kéré àwọn ará Ìdí-Emi lórí ọ̀rọ̀ kòrónà o! Rédíò sọ ọ́, nọ́ọ̀sì sọ ọ́, lèmọ́mù sọ ọ́, pásítọ̀ sọ ọ́, títí ó fi di orin lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Bí ẹ bá jí arúgbó kan lójú oorun pé kí ló ń dènà àrùn náà, kò ní tíì lajú tán tí á fi dáhùn: fi ọṣẹ fọwọ́, fi àyè sílẹ̀ láàárín ìwọ àti ẹnìkejì, fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, bí sísín bá sì dé, ìgúnpá ni kó o sín sí. Wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni wọ́n, wọn ò lè bo ẹnu kí àgbà. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣí fìlà kí àgbà tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ń ṣí ìbòmú. Ẹni tó ti fi ìbòmú rìn láti oko bọ̀, tí kò rí nǹkan kan lọ́nà ju labalábá lọ, bó bá ti dé iwájú Ọdẹ́yalé báyìí, á fà á wá sí àgbọ̀n, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á sì fi gbogbo ẹnu kí i. Ọdẹ́yalé náà á fa tirẹ̀ wálẹ̀ láti dáhùn. Bó bá sì fẹ́ sín, á tún fà á wálẹ̀, torí pé ìbòmú funfun ni, kò fẹ́ kó dọ̀tí.

Ọdún náà gan-an ni Mosúnmọ́lá, ìyàwó Kúnlé àkọ́bí rẹ̀, bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà kánjú wáyé, oṣù rẹ̀ ò pé, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyẹlé lọ, èémí rẹ̀ ń lọ tín-ín tín-ín. Nínú agbo ilé wọn, àgbà ilé ló máa ń gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́ tí á sì pè é lórúkọ, ó sì ti pẹ́ tí Ọdẹ́yalé ti ń retí ọmọọmọ yìí. Ṣùgbọ́n Àsàbí, ìyàwó rẹ̀, obìnrin kúkúrú tí kì í pariwo, lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọlọ́mọ.

"Bàbá Kúnlé, ẹ ò ní gbé ọmọ yìí."

"Èmi kẹ̀?"

"Imú yín yẹn ni. Bí ẹ bá sín lé e lórí, kòrónà kọ́ o, ọ̀fìnkìn lásán lè gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sín sí ìgúnpá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ọdẹ́jọbí ló máa sọ ọmọ lórúkọ."

Ọdẹ́jọbí! Àbúrò rẹ̀ ni, ọkùnrin tó ń sín bí ológbò! Ọ̀rọ̀ náà dun Ọdẹ́yalé wọ egungun. Ó rò ó bí ọmọ náà á ṣe dàgbà, tí wọ́n á sọ fún un pé bàbá àgbà rẹ̀ wà láyé, ó wà nínú ọgbà lọ́jọ́ náà, wọn ò kàn jẹ́ kó fọwọ́ kàn án ni. Omi lé ròrò sójú akọni.

Bẹ́ẹ̀ ló di ìgò aṣáà mọ́ ìdí, tó kọrí sóko, tó lọ gbógun ti imú ara rẹ̀ láàárín igi kòkó. Ogun náà le! Ó fín aṣáà, ó gbé ìgúnpá òsì, àmọ́ kó tó gbé e débẹ̀, sísín ti lọ, ewé kòkó ti gbọ̀n. Ó tún fín in. Ìgúnpá yá jù, ó gbá ara rẹ̀ létè. Ó fín in, ó tún un fín, títí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ fi kó kúrò nítòsí, títí ó fi di ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, tí sísín kan gbéra láti ìsàlẹ̀ ikùn, tó ń bọ̀ kíkankíkan, tí ìgúnpá òsì sì gbà á mọ́lẹ̀ fúù. Ọdẹ́yalé dúró. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, torí pé irú sísín bẹ́ẹ̀, ta ló máa gbọ́ ọ?

Ilẹ̀ mọ́. Àsàbí ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti tú àga ká kí ẹnikẹ́ni má fara kanra, ó sì ti pàṣẹ pé ṣíbí oníkálukú ni á fi tọ́ oyin wò. Ọdẹ́yalé jáde nínú dàńdógó tó jogún lọ́wọ́ Ọdẹ́wándé, aṣọ tó wúwo tó ẹrù igi. Kò tíì fọwọ́ kan aṣáà láti ìdájí. Wọ́n gbé ọmọ lé e lápá òsì, orí ọmọ wà nínú ìgúnpá rẹ̀. Wọ́n gbé àwo oyin lé e lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọdẹ́jọbí jókòó síwájú, ó ti wẹ̀, ó ti múra, ó ń wo imú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọdẹ́yalé wúre tán, Kúnlé bá a fa ìbòmú wálẹ̀ kó lè tọ́ oyin wò. Àṣé Mosúnmọ́lá ti fi páúdà kun ọmọ láti orí dé ọrùn, ó funfun báláú. Afẹ́fẹ́ kékeré kan fẹ́. Páúdà gbéra lórí ọmọ, ó sì wọ ihò imú méjèèjì.

Yéè! Ojú Ọdẹ́yalé ṣí, ẹnu rẹ̀ là, àyà rẹ̀ wú. Àwọn adìẹ ṣí. "Ìgúnpá! Bàbá, ìgúnpá!" ni gbogbo agbo ń kígbe, torí pé gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Akọni wo ìgúnpá òsì, ìgúnpá tó fi jagun lóko, ó bá ọmọ nínú rẹ̀, ó sùn fọnfọn. Àsàbí fọwọ́ lé àyà. Ìgúnpá ọ̀tún ló kù, èyí tí kò lọ sógun rí, tó sì gbé oyin dání. Ọdẹ́yalé, ọmọ Ọdẹ́wándé, ọmọọmọ Ọdẹ́ríndé, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, ó gbé apá ọ̀tún sókè tàwotàwo, oyin sì dà lé e lórí fìlà, ó ṣàn gba etí, ó ṣàn gba irùngbọ̀n, ó ṣàn wọ inú dàńdógó bàbá rẹ̀, lákòókò tó ń da gbogbo ṣakabùlà inú rẹ̀ sínú apá aṣọ. Apá aṣọ náà wú, ó sì rọ̀. Ẹ̀tù kan ò ta jáde. Ọmọ ò mira rárá.

Ìgbà náà ni Àsàbí, tí kò yìn ín rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wálé, kúnlẹ̀ sórí oyin tó wà nílẹ̀, ó sì ní, "Àjàní! Ọkọ mi!" Ọdẹ́jọbí náà sáré dìde, ó fa ìbòmú wálẹ̀ láti kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú orí ire.

"Dá a padà sókè!" Ọdẹ́yalé bú ramúramù, eṣinṣin ń yí i ká. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo Ìdí-Emi! Láti òní lọ, ẹni tó bá ṣí ẹnu kí mi, kò kí mi. Ẹni tó bá bo ẹnu rẹ̀ ló bọ̀wọ̀ fún mi. Bí mo bá kú, wọn ò níí gbé ọmọ yìí fún mi mọ́!"

Gbogbo wọn fa ìbòmú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ tí Ọdẹ́yalé ti há sórí tẹ́lẹ̀ ti fò lọ, ó wo oyin tó ń kán sórí aṣọ iyì bàbá rẹ̀, ó sì pe ọmọ náà ní Oyinkánsọ́lá.

Ọmọ gbọ́. Ó ká ojú kò, ó sì sín, tín-ín.

"Wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ ni," Àsàbí ní.

Ṣùgbọ́n Ọdẹ́yalé ti ń wo ibi tí ojú ọmọ náà kọ sí. Ó rọra yí ara sí wọn kí gbogbo agbo lè rí i, omijé òun oyin dàpọ̀ lójú rẹ̀, ó sì fi ohùn tí àwọn ará ilé kejì gbọ́ kéde pé:

"Ìgúnpá ló sín sí! Ọmọ ọdẹ ni!"