Ilẹ̀ Tó Ń Bá Àna Yọ̀

Ọkùnrin onítáìsì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi táìsì ńláńlá tó ń dán bíi dígí tẹ́ pálọ̀ ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń mú àwọn oníbàárà wá wò kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fún un. Bàbá ìyàwó rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, dé láàárọ̀ yìí láti wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn, nítorí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti sọ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ di aláìgbọràn, irin tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ náà ló fi ń rìn. Ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì léjìká, ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀.

ONÍTÁÌSÌ: Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ wọlé, ilé yín nìyí. Ẹ ṣáà bọ́ bàtà yín síbẹ̀ yẹn.

BÀBÁ: O ṣeun. Ilẹ̀ yìí ń yọ̀.

ONÍTÁÌSÌ: Gbogbo wa la ń yọ̀, sà. Láti ìgbà tá a ti gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ ni ọmọ yín ti ń yọ̀.

BÀBÁ: Ṣé kò tíì fara pa?

ONÍTÁÌSÌ: Báwo lẹni tó ń yọ̀ ṣe máa fara pa, Bàbá?

BÀBÁ: Kì í pẹ́ rárá. Ó kàn máa rí àjà lójijì ni.

ONÍTÁÌSÌ (ó gbójú sókè): Ẹ ti rí àjà náà? Èmi fúnra mi ni mo yan ọ̀dà rẹ̀.

BÀBÁ: Ó dára bó ṣe rẹwà. Èmi ni mo máa wò ó jù nínú ilé yìí.

ONÍTÁÌSÌ: Ẹ ṣeun, sà. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ jẹ́ ká wọlé.

BÀBÁ: Ọkọ ọmọ mi, wo ẹsẹ̀ òsì mi yìí. Kí lo rí?

ONÍTÁÌSÌ: Bàtà.

BÀBÁ: Kí ló wà nínú bàtà?

ONÍTÁÌSÌ: Ẹsẹ̀ ni, sà.

BÀBÁ: Láàárín bàtà àti ẹsẹ̀ ńkọ́?

ONÍTÁÌSÌ: Irin.

BÀBÁ: O káre. Máàkì méjì. Irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ike tó ń dán ló wà lábẹ́. Inú bàtà ni wọ́n ṣe é fún. Bàtà ló ń bá a di ilẹ̀ mú.

ONÍTÁÌSÌ: Bàbá, látẹnu ọ̀nà dé ìdí àga, ìrìn wo ló wà ńbẹ̀? Ẹ fi irin yẹn rìn ín wẹ́rẹ́.

BÀBÁ: Irin ò mọ ìrìn. Irin ló ń gbé mi dúró, bàtà ló ń gbé irin lọ. Tó o bá gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi, irin ló kù, ìrìn ti tán.

ONÍTÁÌSÌ (ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ la ọmọdé lọ́yẹ̀): Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, sà. Iṣẹ́ mi lèyí. Hóró iyanrìn kan lábẹ́ bàtà ti tó láti ha táìsì yìí. Obìnrin tó wá wò ó kẹ́yìn, ojú ara rẹ̀ ló ń wò nínú ilẹ̀, ó fi tún irun rẹ̀ ṣe.

BÀBÁ: Èmi náà á wo ojú mi ńbẹ̀. Màá wò ó nítòsí débi pé imú mi á kàn án.

ONÍTÁÌSÌ: Oníbàárà mìíràn tún ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Mo fẹ́ kó bá yín nílé.

BÀBÁ: Nílẹ̀ ni yóò bá mi.

Onítáìsì ronú díẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé sílípáàsì onírun kan jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni gbé àkàrà òyìnbó.

ONÍTÁÌSÌ: Mo ti ro ti yín mọ́ ọn. Tuntun ni. Ó rọ̀ bíi tìmùtìmù.

BÀBÁ: Kò lẹ́yìn.

ONÍTÁÌSÌ: Sílípáàsì kì í lẹ́yìn, sà. Ẹ kàn máa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni.

BÀBÁ: Ẹsẹ̀ ọ̀tún máa mọ̀ pé òun wọ bàtà. Ẹsẹ̀ òsì ò ní mọ̀ bóyá ó wà tàbí kò sí. Tí mo bá dé ìdí àga, sílípáàsì á ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, á máa bá ẹ dúró de oníbàárà.

ONÍTÁÌSÌ: Ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dì í mú.

BÀBÁ: Àwọn ìka ẹsẹ̀ òsì ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi. Wọn ò gbà láti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Onítáìsì fa rọ́ọ̀gì kékeré kan láti abẹ́ tábìlì, ó tẹ́ ẹ síwájú Bàbá.

ONÍTÁÌSÌ: Ó parí. Ẹ gba orí rọ́ọ̀gì kọjá.

Bàbá fi orí ọ̀pá rẹ̀ ti rọ́ọ̀gì náà díẹ̀. Rọ́ọ̀gì gbéra, ó gba ìdí àga kọjá, ó lọ forí sọ ògiri ní òdìkejì.

BÀBÁ: Ó ti dé. Ó tilẹ̀ yára ju èmi lọ.

ONÍTÁÌSÌ: Bàbá, kí n má parọ́ fún yín. Irin yẹn ni ìṣòro, kì í ṣe ilẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti ń tẹ́ táìsì, ilẹ̀ mi ò gbé èèyàn ṣubú rí.

BÀBÁ: O ti wọ irin rí?

ONÍTÁÌSÌ: Rárá o.

BÀBÁ: Gbé àga kan wá síta fún mi.

Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ bàtà òsì, ó tú okùn irin níkọ̀ọ̀kan, ó sì nà án sí àna rẹ̀.

BÀBÁ: Wọ̀ ọ́.

ONÍTÁÌSÌ: Èmi, sà?

BÀBÁ: Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn wà ní kíláàsì yìí?

Onítáìsì wọ irin náà. Ó tóbi fún un díẹ̀, ó fa okùn rẹ̀ le. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọ pálọ̀.

ONÍTÁÌSÌ: Kí ló dé tí ọrùn ẹsẹ̀ ò ká?

BÀBÁ: Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Máa lọ. Látẹnu ọ̀nà dé ìdí àga ni, ìrìn wo ló wà ńbẹ̀?

Ẹsẹ̀ òsì forí lé ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró, ó ń rò ó bóyá kí òun tẹ̀ lé e. Ọwọ́ méjèèjì ń wá ohun tí wọ́n máa dì mú, ilẹ̀ nìkan ló sì wà nítòsí. Onítáìsì jókòó sílẹ̀ gbì. Ó dùbúlẹ̀ tẹ̀ lé e.

BÀBÁ: Ṣé ò ń yọ̀?

ONÍTÁÌSÌ: Mo ti yọ̀ tán, sà.

BÀBÁ: Dìde, ká máa bá ẹ̀kọ́ lọ.

ONÍTÁÌSÌ: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo àjà díẹ̀.

Ó gbìyànjú láti dìde, irin tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìdí ló fi wọ́ títí tó fi padà dé ẹnu ọ̀nà. Ó tú irin, ó fi aṣọ nù ún, ó dá a padà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

ONÍTÁÌSÌ: Ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí fún yín?

BÀBÁ: Mo ṣubú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lórí ilẹ̀ tó dán bí èyí, nílé ọ̀rẹ́ mi kan. Ó ti jáde lọ ra nǹkan. Kì í ṣe ìrora ni mo rántí. Bí mo ṣe ń tẹ́tí sí ilẹ̀kùn ni.

Onítáìsì yíjú wo ilẹ̀kùn.

BÀBÁ: Ọmọ mi ní kí n wá síbí kí n má baà dá wà lọ́jọ́ tí mo bá ṣubú. Ó ṣeun. Àmọ́ ilé mi tí mo fi sílẹ̀, sìmẹ́ǹtì gbáńgbá ni, mi ò ṣubú ńbẹ̀ rí. Bá mi pe ọkọ̀ padà.

ONÍTÁÌSÌ: Ẹ má ṣe é, Bàbá. Tọ́mọ yín bá dé tí ò bá yín níbí, èmi ni mo máa kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ yín.

BÀBÁ: Àyè wà. Àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ò ní fi ojú rẹ hàn ọ́.

ONÍTÁÌSÌ (ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀): Mo ní táìsì kan lẹ́yìn ilé. Ojú rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ó máa ń di ẹsẹ̀ mú, kódà tí omi bá dà sí i. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kò dán.

BÀBÁ: Èmi náà ò dán mọ́.

ONÍTÁÌSÌ: Mo lè hú àwọn tó ń dán yìí látẹnu ọ̀nà dé ìdí àga yín, kí n fi ìyẹn rọ́pò. Àmọ́ bàtà ìta yẹn, Bàbá, iyanrìn rẹ̀ ṣì ń dùn mí.

Bàbá ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú bàtà mìíràn jáde, abẹ́ rẹ̀ rọ́bà, ẹ̀yìn rẹ̀ dé gìgísẹ̀, ó ní okùn tó fi ń dì. Ti òsì fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ kí irin lè gbà á. Kò sí ekuru kankan lábẹ́ wọn.

BÀBÁ: Bàtà inú ilé nìyí. Kò tẹ ìta rí.

ONÍTÁÌSÌ: Bàbá, ó wà nínú báàgì yín látàárọ̀, ẹ ò sì sọ?

BÀBÁ: O ní kí n bọ́ bàtà. O ò bi mí bóyá mo ní òmíràn. Ó ń gbìyànjú lórí ilẹ̀ gbígbẹ, àmọ́ tí omi bá kán síbẹ̀, kò ṣèlérí kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oníbàárà dé, ó bá onítáìsì lórí ìkúnlẹ̀, òòlù lọ́wọ́, tó ń fọ́ táìsì ara rẹ̀, ó sì rọra padà lọ. Títí tí sìmẹ́ǹtì fi gbẹ, apá àna rẹ̀ ni Bàbá ń dì mú tó bá fẹ́ kọjá. Lọ́jọ́ tó gbẹ, Bàbá wọ irin, ó wọ bàtà inú ilé, ó rìn látẹnu ọ̀nà dé ìdí àga láìdi ẹnikẹ́ni mú, ó sì jókòó. Onítáìsì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo ilà ṣákiṣàki tó la àárín pálọ̀ rẹ̀ já.

ONÍTÁÌSÌ: Ó burẹ́wà, àbí?

BÀBÁ: Ó burẹ́wà gan-an ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ohun tó burẹ́wà tó báyìí.

ONÍTÁÌSÌ: Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, sà, kí ló wí?

BÀBÁ: Ẹsẹ̀ mi ò lójú. Ó ní kó o tẹ́ ẹ dé ilé ìwẹ̀.